Mẹ́dàlì bàbá àgbà wa tí a bá nínú agolo: ẹ bá mi dá sí i kí ìpàdé ẹbí tó dé

ỌmọÌtókò (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo nílò ìmọ̀ràn yín kíákíá, torí ìpàdé ẹbí wa ń bọ̀ lópin oṣù yìí, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń dá ìjà sílẹ̀.

Bàbá tó bí bàbá mi lọ sógun Hitler, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ìyàwó wọn tó kẹ́yìn papòdà lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí a ń kó ẹrù wọn la rí agolo bísíkíìtì kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà méjì ló wà níbẹ̀, àwọ̀ idẹ. Ọ̀kan ní àkọlé "The 1939–1945 Star", èkejì "The France and Germany Star". Mẹ́dàlì roboto méjì tún wà, àwọ̀ fàdákà. Ẹ̀yìn ọ̀kan ní kìnnìún tó dúró lórí ẹranko olórí méjì, ẹ̀yìn èkejì ní kìnnìún méjì pẹ̀lú igi kékeré kan tí adé wà lórí rẹ̀. Kò sí ríbọ́ọ̀nù lára èyíkéyìí. Kò sí orúkọ lára wọn rárá, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo etí wọn yípo. Aṣọ pélébé kan náà wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òwú ya ìyẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́ náà ni lẹ́tà E wà nínú òbìrí. Àti fọ́tò kan: bàbá wọ yunifọ́ọ̀mù, ìlà mẹ́ta wà lápá wọn, adé kékeré sì wà lókè àwọn ìlà náà.

Ibi tí ìjà wà rèé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ dáwódù ní Bọ́mà ni bàbá ti jà, pé ìgbà tí wọ́n dé ni wọ́n di páílọ́ọ̀tì nílé iṣẹ́ bàálù WAAC ní Ìkẹjà, àti pé àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wa bàálù. Àbúrò bàbá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, mẹ́káníìkì ni bàbá. Àǹtí mi àgbà tún ní òun rí àgbélébùú fàdákà kan láyà bàbá nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ló fún wọn nítorí ìgboyà, ṣùgbọ́n kò sí àgbélébùú kankan nínú agolo náà. Ní báyìí, ọkùnrin kan láti Èkó ti ń bẹ̀ wá lórí WhatsApp pé òun fẹ́ ra gbogbo rẹ̀, "pẹ̀lú gbogbo ìwé tó bá bá a rìn". Àbúrò mi kan sì ti ra Brasso, ó fẹ́ fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè máa dán lọ́jọ́ ìpàdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni bàbá jà gan-an? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe? Ṣé ká tà á?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ gba Brasso yẹn lọ́wọ́ ọmọ yẹn lónìí, kí ẹ tó ka ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá kọ síbí! Àwọ̀ dúdú tó bo ìràwọ̀ idẹ kì í ṣe ìdọ̀tí. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ kúrò, kò ní padà mọ́, yóò sì jẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọsàn wẹ́wẹ́, kò sí eérú, kò sí ọṣẹ. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi nù ún, ìyẹn ti tó. Ẹ má sì kó wọn sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ooru ilé wa á mú kí ó làágùn nínú rẹ̀. Ẹ fi bébà funfun wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ. Mo máa padà wá sórí ìyókù.

BàbáSójà (Òṣogbo)

Ọmọ mi, mo kí ẹ. Mo fẹ́ kí o mọ òótọ́ kí o má bàa dójú tì níwájú ẹbí. Mẹ́dàlì ọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní orúkọ àti nọ́ńbà sójà létí. Bàbá ìyá mi bá wọn lọ sí Kamẹrúùnù nígbà ogun Kaiser, orúkọ wọn, nọ́ńbà wọn àti orúkọ ẹgbẹ́ wọn wà létí mẹ́dàlì wọn títí dòní. Èyí tí kò bá ní orúkọ, ọjà ni wọ́n ti rà á.

Ti Bọ́mà, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ sọ. Àwọn ọmọ wa tó bá Gẹ̀ẹ́sì lọ sógun Hitler, Bọ́mà ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn lọ, nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82. Ẹni tí kò bá lọ sí Bọ́mà, Abyssinia (Ethiopia) ló lọ.

Akọ́tàn_Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ nípa mẹ́dàlì bàbá ìyá yín tọ̀nà, torí ogun àkọ́kọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ sí etí mẹ́dàlì ogun 1914 sí 1918. Nígbà tí ogun kejì parí, àwọn tó yẹ kó gba mẹ́dàlì pọ̀ jù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì pinnu pé àwọn kò ní kọ orúkọ sí àwọn ìràwọ̀ àti mẹ́dàlì ogun náà. Íńdíà, Australia àti Gúúsù Áfíríkà ló kọ orúkọ sí ti àwọn sójà tiwọn. Nítorí náà, mẹ́dàlì ogun kejì tí kò lórúkọ, tó wà nínú agolo ní Abẹ́òkúta, bí ó ṣe yẹ kó rí gan-an ló ṣe rí.

ỌmọÌtókò, jẹ́ ká gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kìnnìún tó dúró lórí ẹranko olórí méjì ni War Medal 1939–1945. Ẹni tó bá sìn fún ọjọ́ 28 ló máa ń gbà á, ibikíbi tí wọ́n bá rán an sí, nítorí náà kò sọ ibi tí bàbá wà. Kìnnìún méjì àti igi tí adé wà lórí rẹ̀ ni Defence Medal. Òun náà kò sọ púpọ̀. The 1939–1945 Star sọ pé bàbá dé ojú ogun, kò sọ ojú ogun wo.

Èyí tó sọ̀rọ̀ ni France and Germany Star. Ẹni tó bá ja ogun ní Faransé, Belgium, Holland tàbí Jámánì, tàbí tó fò lókè wọn, láàárín ọjọ́ 6 oṣù June 1944 sí ọjọ́ 8 oṣù May 1945 nìkan ló ń gbà á. Bọ́mà ní ìràwọ̀ tirẹ̀, Burma Star. Àwọn tó lé Italy kúrò ní Abyssinia ní Africa Star. Tí bàbá bá jà ní Bọ́mà, Burma Star la ò bá bá nínú agolo yẹn.

Ìyẹ́ kan ṣoṣo yẹn ló mú ọkàn mi dùn jù. Àmì àyà àwọn tó ń fò nínú bàálù ogun RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, ni. Páílọ́ọ̀tì máa ń ní ìyẹ́ méjì, RAF àti adé láàárín. Àwọn yòókù nínú bàálù náà máa ń ní ìyẹ́ kan pẹ̀lú lẹ́tà iṣẹ́ wọn: N fún ẹni tó ń tọ́ka ọ̀nà, B fún ẹni tó ń ju bọ́ǹbù, AG fún oníbọn, S fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wáyà. E ni Flight Engineer, ẹnjiníà tó ń bá bàálù fò. Inú àwọn bàálù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, Lancaster, Halifax àti Stirling, ni wọ́n máa ń wà. Òun ló ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló ń pín epo láti táǹkì kan sí èkejì, tí nǹkan bá bàjẹ́ lókè, òun náà ló máa wá ọgbọ́n sí i nínú òkùnkùn àti òtútù. Ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ mẹ́káníìkì lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó mú wọn gòkè. Nítorí náà, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń jà nílé yín, apá kan òtítọ́ wà lọ́wọ́ oníkálùkù wọn.

Kò sì jẹ́ nǹkan àjèjì pé ọmọ wa wà nínú bàálù náà. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, RAF kì í gba aláwọ̀ dúdú sí ipò ọ̀gá. Oṣù October 1939 ni wọ́n gbé òfin yẹn tì. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, àbúrò Stella Thomas tó di májísíréètì, ni a mọ̀ sí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di páílọ́ọ̀tì àti ọ̀gá nínú RAF. Ó kú nínú jàǹbá bàálù ní January 1945. Bankole Vivour, ọmọ Èkó náà, ń ju bọ́ǹbù nínú bàálù Squadron 156, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ bàálù RAF. Ó bá ìkọlù Nuremberg lọ ní òru ọjọ́ 30 oṣù March 1944, òru tí RAF pàdánù bàálù jù nínú gbogbo ogun náà, kò sì padà wálé. Akin Shenbanjo ṣiṣẹ́ wáyà àti ìbọn nínú Halifax ti Squadron 76. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ "Achtung! The Black Prince" sára bàálù wọn nítorí rẹ̀, ó sì gba DFC, àgbélébùú ìgboyà fún àwọn tó ń fò.

BàbáSójà (Òṣogbo)

Akọ́tàn, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má yára. France and Germany Star kì í ṣe ti àwọn tó ń fò nìkan. Sójà orí ilẹ̀ tó wọ Faransé gbà á, mẹ́káníìkì RAF tó bá wọn kọjá òkun gbà á. Ẹ sì ti sọ fúnra yín pé kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ta ló wá sọ pé ti bàbá ni? Àwọn sójà máa ń pààrọ̀ nǹkan, wọ́n máa ń ta nǹkan, ẹni tó kú máa ń fi nǹkan sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́.

Ohun tí mò ń sọ fún ọmọ yìí ni pé kó má lọ jókòó níwájú àwọn àgbà kó máa sọ pé irọ́ ni dáwódù pa. Ọmọ kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kó wá ìwé. Ìwé ni kó fi sọ̀rọ̀.

Akọ́tàn_Ìbàdàn

Ìyẹn tọ̀nà, Bàbá. Ìràwọ̀ nìkan kò fi hàn pé ẹnìkan fò. Ìyẹ́ E ló sọ ìyẹn, tó bá jẹ́ pé ó wà láyà bàbá nínú fọ́tò náà. ỌmọÌtókò, wo fọ́tò yẹn dáadáa, lókè àpò òsì àyà wọn. Ṣé ìyẹ́ náà wà níbẹ̀? Wo ẹ̀yìn fọ́tò náà, wo ìdí agolo náà. Páálí kékeré tí Air Ministry, ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń darí RAF, fi kó mẹ́dàlì ránṣẹ́ máa ń ní bébà pélébé kan nínú, tó sọ iye mẹ́dàlì tó wà níbẹ̀. Tí bébà yẹn bá wà, yóò tó ẹ̀rí dé ìwọ̀n kan.

ArúgbóSábó (Kano)

Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àgbélébùú tí àǹtí rí, torí mo rò pé ibẹ̀ ni ẹbí yín lè ti kọsẹ̀.

Àgbélébùú fàdákà méjì ni RAF máa ń fúnni. DFC ni ti ẹni tó ṣe akin nígbà tó ń fò lọ bá ọ̀tá jà. AFC ni ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ ribiribi nínú òfuurufú láìsí ọ̀tá níwájú rẹ̀. Àwa ará Kano mọ àpẹẹrẹ AFC dáadáa. Bàálù tó kọ́kọ́ balẹ̀ sí Kano dé lọ́jọ́ 1 oṣù November 1925. DH.9A mẹ́ta ni, wọ́n gbéra láti Cairo, wọ́n gba Sudan àti ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso kọjá, nígbà tí kò sí pápákọ̀ òfuurufú kankan lójú ọ̀nà ju ibi tí wọ́n ṣán koríko sí. Arthur Coningham ló ṣáájú wọn. Ọmọ Australia tó dàgbà ní New Zealand ni. Sójà orí ilẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́, ó dé Samoa, ó dé Egypt, àìsàn lé e kúrò lójú ogun, ó tún lọ wọ Royal Flying Corps, ẹgbẹ́ bàálù ogun tó ṣáájú RAF. Àwọn mẹ́dàlì akọni DSO, MC àti DFC ti wà láyà rẹ̀ kó tó rí Kano. AFC ni wọ́n fi kún un nítorí ìrìn àjò náà. Ọkùnrin yẹn ló wá darí àwọn bàálù tó ṣèrànwọ́ láti lé Rommel, ọ̀gágun Jámánì, ní aginjù. Ní January 1948, bàálù akérò Star Tiger tó wà nínú rẹ̀ sọ nù nítòsí Bermuda, wọn ò rí i títí dòní.

Ẹ padà sórí bàbá yín. Ìlà mẹ́ta àti adé lápá túmọ̀ sí Flight Sergeant. DFC àti AFC, ti ọ̀gá àti Warrant Officer (ipò tó wà lókè Flight Sergeant) ni wọ́n nígbà yẹn. Ẹni tí ipò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ wọn, DFM tàbí AFM ni wọ́n máa ń fún un, èyí kì í ṣe àgbélébùú, ó rí bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, orúkọ ẹni tó ni ín sì máa ń wà létí rẹ̀. Nítorí náà, àfi tí bàbá bá gòkè sí i lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, àgbélébùú yẹn ṣòro láti gbà gbọ́. Ó lè jẹ́ àmì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹgbẹ́ kan ni àǹtí rí.

Kò yẹ kí ẹ máa méfò. Gbogbo DFC, AFC, DFM àti AFM ni wọ́n tẹ orúkọ ẹni tó gbà á jáde nínú London Gazette, ìwé ìkéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ ìdílé yín níbẹ̀ láti 1943 sí 1947. Ẹ kọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, torí òyìnbó kì í kọ orúkọ wa bó ṣe yẹ, wọ́n lè fi H kún un tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ má wá ìràwọ̀ yòókù níbẹ̀ o, wọn kì í kọ orúkọ àwọn tó gba ìràwọ̀ lásán sí Gazette.

ỌmọÌtókò (Abẹ́òkúta)

Ọlọ́run bùkún yín o. Ìyẹ́ náà wà láyà bàbá nínú fọ́tò! Mo fi gíláàsì wò ó, lẹ́tà E náà hàn. Ẹ̀yìn fọ́tò náà ní lẹ́tà ìkọ̀wé bàbá, orúkọ wọn àti nọ́ńbà kan tó gùn. Bébà pélébé náà wà lábẹ́ aṣọ tó tẹ́ ìdí agolo: mẹ́rin ni iye mẹ́dàlì tí wọ́n kọ sí i, orúkọ bàbá sì wà lórí rẹ̀.

Mo wá orúkọ wọn nínú Gazette ní ọ̀nà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò rí nǹkan kan. Mo ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún àǹtí.

Mo tún rí ìwé kan tí wọ́n ká, ọdún 1949, WAAC ló wà lókè rẹ̀. Ẹnìkan ní Abẹ́òkúta níbí sọ fún mi pé WAAC ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú tí Gẹ̀ẹ́sì kó jọ níbí nígbà ogun. Ṣé kì í ṣe ilé iṣẹ́ bàálù ni?

Fẹ̀yìntì_Ìkẹjà

Méjèèjì ló wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà.

Ti ìṣáájú ni West African Air Corps. Nígbà ogun ni RAF dá a sílẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia sínú rẹ̀ fún iṣẹ́ orí ilẹ̀: mẹ́káníìkì, dẹ́rẹ́bà, akọ̀wé, káfíńtà. Láti 1940 ni wọ́n ti ń tú bàálù tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá sí Takoradi, wọ́n á tò wọ́n pọ̀, wọ́n á fi wọ́n ránṣẹ́ gba Èkó, Kano, Maiduguri, Khartoum títí dé Cairo. Iṣẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá sìn níbí kò ní gba France and Germany Star nítorí rẹ̀.

Ti ìkejì ni West African Airways Corporation, ilé iṣẹ́ bàálù tí àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin yẹn jọ ni. 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Dove kékeré ti de Havilland ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ghana gba òmìnira, wọ́n yọ tiwọn kúrò, Nàìjíríà ra ìyókù, ní 1958 ó di WAAC (Nigeria), èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Nigeria Airways. Ní 2003 ni wọ́n tú u ká. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí dìgbà náà.

Ìwé 1949 kò lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ogun ti parí. Ti ilé iṣẹ́ bàálù ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni ẹ̀ka tí wọ́n kọ sí i. Ṣé "Engineering" ni?

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà yẹn, òyìnbó ni wọ́n ń fi sí ipò páílọ́ọ̀tì nílé iṣẹ́ náà. Ọmọ wa tó bá ti bá Lancaster fò lókè Jámánì lóru tún padà wálé, wọ́n á fi sí ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì, òyìnbó tí kò tó o mọ̀ ló máa jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Mo bá díẹ̀ nínú àwọn àgbà yẹn ní háńgà Ìkẹjà nígbà tí mo wọlé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun. Àwọn ni wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fetí sí ẹ́ńjìnnì kí a tó fọwọ́ kàn án, bí a ṣe ń ka ìwé àtúnṣe láti ìlà dé ìlà, bí ẹnìkan kò ṣe gbọdọ̀ buwọ́ lùwé fún iṣẹ́ tí kò fojú ara rẹ̀ rí. Àwọn bàálù tó gbé ìran yín lọ sí Kano àti Enugu, ọwọ́ wọn ló wà lára rẹ̀. Kí àbúrò bàbá rẹ má máa sọ "mẹ́káníìkì" bíi pé ó rẹ ènìyàn sílẹ̀.

ỌmọÌtókò (Abẹ́òkúta)

"Engineering Department" ni, sà. Ẹ ṣeun gan-an.

AlàgàÀlòkù (Èkó)

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ra nǹkan àtijọ́ tí mo sì ń tà á sọ tèmi.

Ìràwọ̀ àti mẹ́dàlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn fúnra wọn kò wọ́n. Wọ́n ṣe wọn lọ́pọ̀ yanturu, ní London ẹ lè rí irú wọn rà lọ́jọ́ ọjà. Ìdí tí ọkùnrin yẹn fi sọ "pẹ̀lú gbogbo ìwé" nìyẹn. Fọ́tò, bébà Air Ministry, ìyẹ́ aṣọ, orúkọ ọmọ Áfíríkà tó fò nínú RAF: ibẹ̀ ni owó wà. Tí ẹ bá tún rí ìwé ìrìn àjò òfuurufú bàbá, tí wọ́n kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n fò sí, èyí tí wọ́n ń pè ní log book, iye rẹ̀ á ga ju mẹ́dàlì lọ fíìfíì. Ẹ má ya fọ́tò ìwé kankan ránṣẹ́ sí i. Ẹ má sọ nọ́ńbà ológun bàbá fún un. Àwọn kan ń kó mẹ́dàlì tí kò lórúkọ jọ, wọ́n á fi ìtàn ẹlòmíràn tò ó, wọ́n á tà á bíi tòótọ́.

Mi ò ní kí ẹ má tà á. Ohun ìní yín ni, ìṣòro owó sì wà nílùú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ohun tí kò mọ̀ á gba owó kékeré.

Lọ́yà_Ẹ̀gbá

Mi ò fara mọ́ títà rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Bàbá yín ní ju ìyàwó kan lọ, àbí? Tí wọ́n bá kú láì kọ ìwé ìhágún, ogún wọn jẹ́ ti gbogbo ọmọ, yálà ẹ pín in ní ìdí igi tàbí ní orí-ò-jorí. Mẹ́dàlì mẹ́rin àti ìyẹ́ kan kò ṣeé pín. Tí ẹ bá fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ kan, ẹ ti tú ìtàn bàbá ká, ẹnikẹ́ni kò ní lè kó o jọ mọ́.

Ohun tí mo ti rí tó ṣiṣẹ́ ni kí ẹbí kọ ìwé pélébé kan pé ohun ìní ẹbí ni, ẹni báyìí ló ń tọ́jú rẹ̀, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi dúró, gbogbo ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti wá wò ó. Kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan fi ẹnì kan buwọ́ lù ú. Kí gbogbo ilé ní fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ohun gbogbo tó wà nínú agolo náà.

Délé_Houston

Kí ló dé tí ẹ ò gbé e fún RAF Museum ní London? Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ dáadáa, gbogbo ayé á rí i.

BàbáSójà (Òṣogbo)

Rárá o. Bí wọ́n bá gbé e kọjá òkun, ọmọ tí wọ́n ń bí ní Ìtókò lónìí máa gba físà kó tó lè rí mẹ́dàlì bàbá ńlá rẹ̀. Tó bá di dandan kó wà ní mùsíọ́ọ̀mù, a ní ti Oníkàn ní Èkó, a ní ti ogun ní Umuahia. Kí wọ́n tilẹ̀ yá wọn ni, kí wọ́n má fún wọn pátápátá.

Ìyá Ìbejì Peckham

Mo ti padà dé. Ẹ̀ka tèmi ni ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, torí mo ti bá ìdílé ọkọ mi ṣe é.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fọ́tò yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi mẹ́ta. Ẹ lọ sí ojú ewé gov.uk tí wọ́n ti ń béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ológun tó ti kú. Wọ́n ti ń kó àwọn ìwé náà láti Ministry of Defence lọ sí National Archives ní Kew ní London, nítorí náà ibikíbi tó bá wà, ojú ewé yẹn á darí yín. Orúkọ kíkún, nọ́ńbà, ọjọ́ ìbí tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, RAF. Wọ́n á béèrè ẹ̀rí ikú. Tí bàbá bá kú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gba ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ National Population Commission ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n máa ń sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ ṣe áfídéfìtì ní kóòtù. Kò yá, ẹ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n tí ìwé náà bá dé, ibi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gba ìyẹ́, ẹgbẹ́ bàálù tí wọ́n wà, gbogbo rẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ log book: ilé ni kí ẹ ti wá a, nínú àpótí ìwé ilẹ̀, nínú Bíbélì ńlá, lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyàwó yòókù. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà lọ́wọ́ RAF lẹ́yìn ogun, wọ́n ti ba ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ tipẹ́tipẹ́.

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ níbí. Ní 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àmì idẹ kékeré kan fún àwọn tó fò nínú Bomber Command, ẹ̀ka RAF tó ń ju bọ́ǹbù, Bomber Command Clasp ni wọ́n ń pè é, orí ríbọ́ọ̀nù 1939–1945 Star ni wọ́n ń rán an mọ́. Bàbá yín ti kú kó tó jáde. Tí ìwé iṣẹ́ wọn bá fi hàn pé Bomber Command ni wọ́n wà, ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Medal Office, ọ́fíìsì mẹ́dàlì ológun Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbátan tó súnmọ́ jù ni wọ́n máa dá lóhùn. Tí kò bá sí ìyàwó láyé mọ́, ọmọ tó dàgbà jù tó wà láàyè ni, ọkùnrin tàbí obìnrin. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ọmọ-ọmọ kọ ọ́. Ta ni àkọ́bí bàbá nílé yín?

Ríbọ́ọ̀nù kò ṣòro. Wọ́n ń ta tuntun ní London, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ti France and Germany Star jẹ́ búlúù, funfun, pupa, funfun, búlúù. Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìràwọ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù.

ỌmọÌtókò (Abẹ́òkúta)

Àǹtí mi àgbà ni àkọ́bí, àwọn tó sọ pé àwọn rí àgbélébùú. Wọ́n ti gbà láti buwọ́ lùwé, inú wọn sì dùn pé àwọn ni Gẹ̀ẹ́sì máa kọ̀wé sí. Dáwódù bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìyẹ́ E hàn wọ́n nínú fọ́tò, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní kí n ya tiwọn fún wọn. Ti ọkùnrin WhatsApp, a ti sọ fún un pé a ò tà.

Ìbéèrè kan ló kù. A fẹ́ tún ojú òkú bàbá ṣe, dáwódù fẹ́ kí wọ́n kọ "Páílọ́ọ̀tì Nàìjíríà àkọ́kọ́" sórí òkúta náà. Kí ni ká sọ?

Akọ́tàn_Ìbàdàn

Ẹ má kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn Peter Thomas á kà á, yóò sì rò pé ìyókù tó wà lórí òkúta náà kì í ṣe òótọ́. Bàbá kò nílò ìyẹn. Ẹ kọ "Flight Sergeant, Flight Engineer, RAF", kí ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù WAAC sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn lókè Jámánì kò pọ̀. Ẹ má sì gbẹ́ òkúta náà kí ìwé iṣẹ́ tó dé, bóyá ipò wọn ga ju Flight Sergeant lọ kí wọ́n tó kúrò.

Kí ẹ tó gbọ́ láti London, ẹ wá sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wà níbẹ̀, West African Pilot àti Daily Times, wọ́n sì máa ń gbé fọ́tò àwọn ọmọ wa tó wọ RAF jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1943. Mú nọ́ńbà bàbá dání, mú ìwé ìkọ̀wé, wọn kì í gba báírò nídìí àwọn ìwé ògbólógbòó, pẹ́ńsù ni.

Ìyá Ìbejì Peckham

Tí ìwé náà bá sọ nọ́ńbà squadron bàbá, kọ ọ́ síbí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìwé ojoojúmọ́ squadron kọ̀ọ̀kan wà ní Kew, ìwé AIR 27 ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òru kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ bàálù tó fò, orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n lọ àti aago tí wọ́n balẹ̀. Èmi á bá yín kà á láti oṣù dé oṣù, kí àǹtí lè mọ ìlú tí bàbá fò dé.